“Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn”: ìtàn ìsoríkọ́, jíìnì, àti àwa ọmọ Yorùbá

1/
Ní oṣù tó kọjá, àwọn mọ̀lẹ́bí mi ní Òkè-Sopen, Ìjẹ̀bú-Igbó, rán èèyàn lọ wádìí ìdílé ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fẹ́. Ọmọ Ibiade ni, ní Ògùn Waterside. Àgọ́-Ìwòyè ni àwọn méjèèjì ti pàdé, nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì. Èsì dé: ìyá ọmọ náà ti gba ìtọ́jú rí ní ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú. Ìsoríkọ́ ló ṣe é lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú.

2/
Àǹtí mi àgbà kan mi orí, wọ́n ní: “Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.” Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Gbólóhùn yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ṣé òótọ́ ni pé ìsoríkọ́ máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀? Ta ló wádìí ẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n fi wádìí ẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí kàwé. Ohun tí mo rí nìyí. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀.

3/
Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò bú àwọn àgbà. Kí ọ̀rọ̀ jíìnì tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé àwọn nǹkan kan máa ń tẹ̀lé ìran. Ìdí nìyẹn tí alárinà fi máa ń béèrè pé, “Ṣé kò sí wèrè ní ìdílé wọn? Ṣé kò sí wárápá? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀?” Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni.

4/
Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ẹ̀tẹ̀ tó wà nínú ìbéèrè yẹn, kì í ṣe àrùn ìran rárá. Kòkòrò ló ń fà á. Dókítà kan ní Norway, Hansen, ló rí kòkòrò náà lọ́dún 1873. Torí pé àwọn ará ilé kan náà ló sábà máa ń kó o, gbogbo ayé rò pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà.

Ìbéèrè lè dáa kí ìdáhùn má tọ̀nà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

5/
Nǹkan tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Ní bíi àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, òdìkejì ohun tí àǹtí mi sọ ni àwọn dókítà òyìnbó ń sọ nípa wa. Wọ́n ní ìsoríkọ́ ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú rárá. Wọ́n ní ọpọlọ wa ò jinlẹ̀ tó o.

6/
Ẹni tí orúkọ ẹ̀ hàn jù nínú wọn ni J. C. Carothers, dókítà ìjọba amúnisìn ní Kenya. Òun ló ń bójú tó ilé ìwòsàn ọpọlọ Mathari ní Nairobi. Kì í ṣe pé ó kọ́kọ́ lọ kọ́ nípa àrùn ọpọlọ kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ yẹn fún un. Ó ka iye àwọn tí wọ́n gbé wá, ó rí i pé àwọn tó ní ìsoríkọ́ ò tó nǹkan, ló bá ní àwọn ọmọ Áfíríkà kì í ní in.

7/
Lọ́dún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tẹ ìwé ẹ̀ jáde. Ó ní apá iwájú ọpọlọ wa kì í ṣiṣẹ́ bíi ti òyìnbó. Ó ní a kì í dá ara wa lẹ́bi, ẹlòmíràn tàbí àjẹ́ la máa ń di ẹ̀bi rù, torí náà ìbànújẹ́ ò lè wọ̀ wá lára títí á fi di àrùn.

Ẹ rò ó wò. Àjọ tó ń bójú tó ìlera gbogbo ayé ló tẹ èyí jáde.

8/
Àṣìṣe ẹ̀ ò ṣòro láti rí. Ta ni ìjọba amúnisìn máa ń gbé lọ ilé ìwòsàn ọpọlọ nígbà yẹn? Ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ lọ́jà, ẹni tó ń ju òkúta lu èèyàn. Obìnrin tó jókòó sínú yàrá, tí kò jẹun, tó kọjú sí ògiri, ta ló fẹ́ gbé e lọ ibẹ̀? Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Inú ilé ló wà, Carothers ò rí i.

9/
Ẹnì kan wà tó rí i. Margaret Field, dókítà obìnrin kan, ò jókòó sí ilé ìwòsàn. Ilé òrìṣà ló lọ jókòó sí, ní ìgbèríko Ashanti ní Ghana, ó ń wo àwọn tó ń wá tọrọ ìrànlọ́wọ́. Ó rí obìnrin púpọ̀ tó ń sunkún pé àjẹ́ ni àwọn, àwọn ló pa ọmọ àwọn, ayé àwọn ti bàjẹ́. Fúnra wọn ni wọ́n ń jẹ́wọ́.

10/
Field mọ ohun tó ń wò. Ìsoríkọ́ ni. Ẹ̀bi tí Carothers ní a kì í dá ara wa ló kún ilé òrìṣà yẹn. Ọdún 1960 ni ìwé ẹ̀ jáde.

Èmi tí mo dàgbà sí Ìjẹ̀bú, mo ti gbọ́ irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ. Ẹ má purọ́.

11/
Ó wá kan Ìpínlẹ̀ Ògùn wa. Thomas Adéoyè Lambo, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1923. Ó kọ́ṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London, ó sì padà wálé. Lọ́dún 1954 ó di olórí ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta.

12/
Ilé ìwòsàn náà ò tíì parí nígbà yẹn. Lambo ò dúró. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí Aro ká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n máa gba owó ilé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan á mú mọ̀lẹ́bí kan wá tí á máa se oúnjẹ fún un. Láàárọ̀ wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, lọ́sàn-án wọ́n á bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú.

13/
Ìyẹn nìkan tó láti fi yangàn. Gbogbo ayé wá wo Aro. Lóṣù kọkànlá ọdún 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ fún gbogbo Áfíríkà. Abẹ́òkúta o. Ìlú tí ẹ máa ń gbà kọjá.

14/
Lọ́dún yẹn náà, Lambo àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n wọ àwọn abúlé àti àdúgbò Abẹ́òkúta. Wọn ò dúró de aláìsàn nílé ìwòsàn bíi ti Carothers. Ilé ni wọ́n bá àwọn èèyàn, wọ́n bi wọ́n léèrè: ṣé ẹ ń sùn? Ṣé ẹ ń jẹun?

15/
Leighton ti ṣe irú ìwádìí yìí rí ní ìgbèríko kan ní Canada. Ó wá ṣeé ṣe láti fi méjèèjì wéra. Ìwé wọn jáde lọ́dún 1963. Èsì ẹ̀? Àwọn àmì ìsoríkọ́ wà lára àwọn Yorùbá dáadáa, kò kéré sí ti Canada rárá.

Carothers ti ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ wa ò yàtọ̀.

16/
Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá tó gbá mi láyà. Wọ́n rí i pé àwọn èèyàn wa ò ní orúkọ kan ṣoṣo fún àìsàn yìí gẹ́gẹ́ bí àìsàn. Àwọn ẹ̀yà ẹ̀ ni wọ́n mọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan: kí agbára tán lára èèyàn, kó máa sunkún ṣáá, kó máa ronú ju bó ṣe yẹ lọ, kí oúnjẹ má wù ú jẹ, kí ayé sú u.

17/
Mo ka àwọn nǹkan márùn-ún yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ìyá àgbà mi. Ìyá bàbá mi gan-an, ní Òkè-Sopen. Nígbà tí àbúrò bàbá mi kú, oṣù mẹ́ta ni wọn ò fi jáde. Wọn ò jẹun. Tó bá di ìdájí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Wọ́n á ní, “Ayé sú mi.” Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, èmi ni mò ń gbé ẹ̀kọ tí wọn ò ní mu lọ fún wọn.

18/
Kò sẹ́ni tó gbé wọn lọ ilé ìwòsàn. A ní ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń dùn wọ́n. A ní kí wọ́n gbàdúrà. Nígbà tó yá wọ́n dìde, ṣùgbọ́n wọn ò dà bíi tàtijọ́ mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Tí ẹnikẹ́ni bá wá ṣe ìwádìí ìdílé tiwa lónìí, kí ló máa rí? Kò sí nǹkan kan. Mímọ́ tónítóní.

19/
Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé ibi jíìnì. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ tí ara wa ń tẹ̀lé, èyí tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ìyàtọ̀ kéékèèké wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn láàárín èèyàn kan àti èkejì. Ìbéèrè ni pé, ṣé ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń fa ìsoríkọ́?

20/
Gbogbo wa mọ AA, AS, SS. Kí ẹ tó bá ẹnì kan jẹun lẹ́ẹ̀mejì ẹ ti béèrè. Ìyẹn rọrùn: ìyípadà ẹyọ kan, nínú jíìnì ẹyọ kan, ló ń fa fòníkú-fọ̀ladìde. Tí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ á jẹ́ SS. Ẹ lè ṣírò ẹ̀ sórí ìwé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìsoríkọ́ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

21/
Àwọn sáyẹ́ǹsì pàápàá rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Lọ́dún 2003, ìwádìí kan láti New Zealand gba ìròyìn kan: jíìnì kan wà tó ń darí serotonin nínú ọpọlọ, ẹni tó bá ní èyí tó kúrú nínú ẹ̀, tí wàhálà ayé bá dé bá a, ìsoríkọ́ á tètè mú un. Gbogbo ayé pariwo. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tẹ̀lé jíìnì yẹn.

22/
Lọ́dún 2019, àwọn kan ní Colorado kó jíìnì 18 tí wọ́n ti ń pariwo lé lórí jọ, tiserotonin náà wà níbẹ̀. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lára ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, ibòmíràn lé ní 440,000. Kò sí ìkankan nínú wọn tó dúró. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó di èéfín.

Ẹ rí i pé kì í ṣe àǹtí mi nìkan ló ń kánjú.

23/
Kí wá ni òótọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìwádìí tó tóbi jù jáde. Wọ́n wo èèyàn 688,808 tó ní ìsoríkọ́ àti àwọn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin tí kò ní, láti orílẹ̀-èdè 29. Ibi 697 ni wọ́n ti rí ìyàtọ̀ nínú jíìnì tó tan mọ́ ìsoríkọ́. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó dín mẹ́ta! Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lágbára fúnra ẹ̀.

24/
Ẹ fojú inú wo òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ẹ ò lè na ọwọ́ sí ẹ̀kán kan pé òun ló jẹ́ kí ilé kún. Bí jíìnì ṣe ń ṣe lórí ìsoríkọ́ nìyẹn. Èmi ní díẹ̀ nínú wọn. Ìwọ ní díẹ̀. Àǹtí mi ní díẹ̀. Kò sí ìdílé tí òjò yẹn ò kán sí.

25/
Àmọ́ mi ò ní tàn yín jẹ. Ìsoríkọ́ máa ń tẹ̀lé ìdílé lóòótọ́. Ẹni tí òbí ẹ̀ tàbí ọmọ ìyá ẹ̀ bá ní in, ewu tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹlòmíràn. Àwọn tó fi ìbejì ṣe ìwádìí ní bíi 37 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ló ti ọwọ́ jíìnì wá. Èyí tó kù, ayé ló fà á: ikú, gbèsè, àìsàn, ìyà ìgbà èwe, àdánìkanwà.

26/
37 yẹn ò túmọ̀ sí pé ọmọ ẹni tó ní in ní àǹfààní 37 láti ní in o. Àwùjọ lódindi ló ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí òbí wọn ní ìsoríkọ́ ni kò ní i rí irú ẹ̀ láyé wọn.

Àti pé ìbejì àwọn òyìnbó ni wọ́n kà. Àwa tí a ń bí ìbejì ju gbogbo ayé lọ, kò sí Táíwò, kò sí Kẹ́hìndé nínú ẹ̀.

27/
Èyí ló gbé mi dé ibi tó dùn mí jù. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà lára ẹ̀jẹ̀ tí sáyẹ́ǹsì mọ̀ jù láyé? Lọ́dún 2002, iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn 90 ní Ìbàdàn: bàbá, ìyá, ọmọ, ìdílé ọgbọ̀n. Lọ́dún 2008, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka gbogbo àkọsílẹ̀ jíìnì ọmọ Áfíríkà kan tán, ọkùnrin Yorùbá kan ni.

28/
Ní gbogbo yàrá ìwádìí láyé, wọ́n mọ “YRI”. Yorùbá ní Ìbàdàn ló túmọ̀ sí. Ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n fi ń wọn ti ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n tó bá kan ìsoríkọ́? Nínú ìwádìí ńlá 2025 yẹn, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí wọ́n wò ló jẹ́ ìran Yúróòpù. Máàkì ewu tí wọ́n ń fi jíìnì wọn ṣírò kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ìran Áfíríkà mu.

29/
Ó sì ṣe pàtàkì, torí jíìnì kan náà lè ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbi tó yàtọ̀. Láti 1992, wọ́n tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Indianapolis, Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ni wọ́n ń wá. Jíìnì kan, APOE e4, tó ń dẹ́rù bà wọ́n lọ́hùn-ún, agbára ẹ̀ kéré gan-an ní Ìbàdàn.

30/
Ìran tó tan mọ́ra, jíìnì kan náà, ìgbé ayé ọ̀tọ̀, àbájáde ọ̀tọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àrùn ìgbàgbé, ta ló gbójú láti wo obìnrin kan ní Ibiade kó sọ pé ó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹ̀?

31/
Ẹ jẹ́ kí n so ó pọ̀. Carothers wo inú ilé ìwòsàn, kò rí wa, ó ní a ò ní in. Àǹtí mi wo inú ilé ìwòsàn, wọ́n rí ìyá kan, wọ́n ní ìdílé ẹ̀ nìkan ló ní in. Àṣìṣe kan náà ni. Àwọn méjèèjì ka ẹni tí wọ́n gbé lọ gba ìtọ́jú, wọ́n rò pé àwọn ti ka ẹni tó ń ṣàìsàn.

32/
Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdílé wa àti ìdílé Ibiade yẹn, mi ò rí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí ìyá tiwọn ò jẹun mọ́, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó gba ìtọ́jú, ó sàn, ó ń tajà lónìí. Nígbà tí ìyá tiwa ò jẹun mọ́, a ti ilẹ̀kùn.

Ìdílé tó tọ́jú ìyá ẹ̀ ni à ń fìyà jẹ.

33/
Ẹ sì wo ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń kọ́ gbogbo ìlú: tí ọkàn yín bá rẹ̀wẹ̀sì, ẹ fi pamọ́. Ẹ má lọ Aro, kí ọmọ yín lè rí ọkọ fẹ́. Lambo kú lọ́dún 2004. Aro ò tó ọjọ́ kan sí ọ̀dọ̀ wa, kẹ́ ẹ tó jẹun ọ̀sán ẹ ti dé. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìtìjú.

34/
Tó o bá ń ka èyí, tí àwọn nǹkan márùn-ún yẹn bá ń ṣe ẹ́, tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì: sọ fún ẹnì kan tó o fọkàn tán, kó o sì lọ rí dókítà. Ó ní oògùn, ó ní ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sàn. Tó bá sì ń ṣe ẹ́ bíi kó o má wà mọ́, má dá jókòó lálẹ́ òní. Pe ẹnì kan báyìí.

35/
Tí ẹ bá sì fẹ́ wádìí ìdílé, ẹ wádìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìbéèrè kan kún un: “Nígbà tí àìsàn dé, kí lẹ ṣe fún ẹni tó ń ṣàìsàn?” Ìdáhùn yẹn á sọ nǹkan púpọ̀ fún yín nípa ilé tí ọmọ yín ń wọ̀.

36/
Ìpàdé mọ̀lẹ́bí wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀, wọn ò sì ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ti lọ kúnlẹ̀ bẹ bàbá mi kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ìtàn ìyá wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Oṣù mẹ́ta kọ́. Oṣù márùn-ún ni.”

Ẹ bá wa fi àdúrà sí i.